Èèrà Kò Wá sí Ẹ̀yìnkùlé Àna Mi

Ọdún mẹ́ta ni mo fi fọwọ́ kó ṣúgà lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ kéèkì ni mo ti rí iṣẹ́ ní ìlú òyìnbó. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa to kéèkì sínú páálí bí ẹ̀rọ bá ṣe ń tì wọ́n bọ̀. Ṣúgà tó kúnná bí àtíkè ni wọ́n ń wọ́n sí wọn lórí, afẹ́fẹ́ a sì gbé e ká gbogbo ilé. Bí mo bá délé tí mo ṣí fìlà, a máa já bọ́ láti orí mi. Itọ́ ẹnu mi dùn. Ìrọ̀rí mi dùn. Láti kékeré n kò ka ohun dídùn sí. Ibẹ̀ ni mo ti wá kórìíra rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ọ̀hún kọ́ ni mo jókòó kọ. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti wọ ilé ọkọ ní Ilora, tí oko ọsàn rẹ̀ ní Fìdítì ti gbó tí kò so mọ́, ibi tí wọ́n bá ní kó wá ni yóò lọ. Wọ́n ní kí n wá. Mo lọ.

Ọjọ́ kìíní tí mo wọ ibi iṣẹ́, mo kí gbogbo ènìyàn. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wẹ̀yìn wò kó lè mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wa, obìnrin tí kò ju ọmọ mi lọ lọ́jọ́ orí, nàka sí ibi tí n ó dúró sí. Kò béèrè orúkọ mi. Ó kà á lára káàdì tó wà láyà mi, ó pe ìdajì rẹ̀, ó sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀ bí ẹni tó jẹ búrẹ́dì tó fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Ìdajì orúkọ yẹn ni mo ń jẹ́ níbẹ̀.

Wọn kò lù mí. N kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, àga ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń gbẹ̀yìn kí ó tó kún. Ẹnì kan ju ẹyin lu fèrèsé mi nígbà òtútù, mo jí láàárọ̀ mo rí i tó ti gan mọ́ gíláàsì. Mo fi ọ̀bẹ ha á. Obìnrin tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ha á. Kò kí mi kú iṣẹ́, kò sì bi mí pé ta ló jù ú. Mo ha á tán, mo lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọ mi, Ràfíátù, ni ẹnì kan ṣoṣo tó ń pe orúkọ mi tán. Kì í sì í ṣe orúkọ ni ó ń pè. “Bàbá mi” ni ó ń pè mí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń pè. Tí mo bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn, mo ti jẹun ọ̀sẹ̀ yẹn.

*

Ọjọ́rú ni ìpè ọ̀hún wá. Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni, mo dúró lẹ́bàá ògiri níbi tí a ń kó páálí sí. Oyún Ràfíátù ti lé ní oṣù mẹ́fà nígbà náà.

“Bàbá mi, ẹ má bẹ̀rù o.”

Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ báyẹn ti dẹ́rù bani tán.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Mo lọ sí ọsibítù ní Ọ̀yọ́. Wọ́n fún mi ní omi ṣúgà mu, ó dùn débi pé mo fẹ́ bì í. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n tún gbà á. Wọ́n ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà.”

“Ìwọ? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?”

“Wọ́n ní oyún ló gbé e wá, pé ó lè lọ bí mo bá bímọ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a kò bá ṣọ́ ọ, ọmọ á tóbi jù nínú mi, ó lè há.”

Mo fọwọ́ bo etí kejì kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

“Nọ́ọ̀sì tún bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní ṣé ẹnì kan ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ìdílé wa. Ó ní màámi ńkọ́, ṣé wọ́n bí ọmọ tó tóbi jù rí. Mo ní màá bi yín.”

Agogo iṣẹ́ dún. Àwọn ènìyàn ń kọjá lára mi. Ìdáhùn wà lẹ́nu mi, ó ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún.

“Rárá,” ni mo wí. “Kò sí ohun tó jọ ọ́.”

“Ibà ló pa màámi, àbí?”

“Ibà ni.”

“Ó dáa. Màá sọ fún nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀.”

*

Irọ́ ni mo pa.

Nígbà tí Ìyá Ràfíátù lóyún ẹ̀ẹ̀kejì, gbogbo àdúgbò wa ní Fìdítì ló ń yin ikùn rẹ̀. Bí ó bá ń kọjá, wọ́n á ní, “Ìbejì ni o! Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀.” Inú èmi náà dùn. Mo rò pé ara líle ni. Òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ ṣáá. Ó ń mu omi, ó tún ń mu. Ó ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún láti tọ̀. Èmi olóko ọsàn, kí ni mo ní tí n ó fi pa òùngbẹ ìyàwó mi tó ju ọsàn lọ? Agbọ̀n kún fún ọsàn. Mo ń bó o fún un fúnra mi. Nígbà ọ̀pẹ̀ òyìnbó, mo ń gé e sínú abọ́, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń mu omi. Ó ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, o fẹ́ràn mi jù.” N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọsàn ni mo fi ń sọ ọ́.

Nígbà tí ó rọbí, orí ọmọ jáde, èjìká kò jáde. N kò ní kọ ìyókù. Kí a tó rí mọ́tò tí yóò gbé wa, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ọmọkùnrin ni. Ìyá àgbà tó wẹ̀ ẹ́ kí a tó sin ín sọ pé ó tó ọmọ oṣù mẹ́ta. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yin ọmọ.

Wọ́n ní aráyé ni. Mo gbà pé aráyé ni, nítorí aráyé pọ̀, kò sí ẹni tó máa ní kí n tọ́ka sí ẹnì kan. Ràfíátù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó bi mí pé kí ló pa ìyá òun. Mo ní ibà. Ọmọdé mọ ibà. Lẹ́yìn náà ó dàgbà, ibà náà sì dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, n kò rí ibi tí n ó ti fà á tu.

Wọ́n tọ́ wa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo pa ẹnu mi mọ́, ọ̀ràn sì wá mi rí.

*

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ìyá ọkọ Ràfíátù ló gba fóònù. Ìyá Mùtíù ni à ń pè é. Ó ń ṣe gààrí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ilora, ó ti ń ṣe é kí a tó bí Mùtíù. Mùtíù ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Nítorí náà, ìyá rẹ̀ ló ni ilé, òun ló ni ìyàwó, òun náà ló ni oyún.

“Àna mi, ṣé òtútù ò tíì gbé yín mì?”

“Kò tíì gbé mi mì, Ìyá Mùtíù. Ẹ kú ilé.”

“Àwọn ọmọ ọsibítù yẹn ní ìyàwó mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo ní kò sí i nínú ilé tèmi. Mo sì ti dán an wò.”

“Báwo lẹ ṣe dán an wò?”

“Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é ni. Mo ní kó tọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan. Mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Mo jókòó títí oòrùn fi mú mi lágbárí. Èèrà kan ṣoṣo kò wá! Ẹ gbọ́ mi, àna mi, ìtọ̀ tí ṣúgà bá wà nínú rẹ̀, ṣé èèrà á mọ̀ kó má wá? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ìtọ̀ ọmọ yín mọ́ bí omi òjò.”

“Kí ni dókítà sọ?”

“Dókítà! Ẹ̀yin náà ti di òyìnbó. Wọ́n fẹ́ kó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa gún ìka lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń rán aṣọ. Kò ní lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kó jókòó kó jẹun.”

N ó sọ òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mi nígbà tó wí bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Bàbá tèmi gan-an, èèrà ni wọ́n fi mọ àìsàn rẹ̀ kó tó kú. Mo mọ àyẹ̀wò náà, mo sì gbà á gbọ́. Bí èèrà kò bá wá, ọmọ mi kò ní nǹkan kan. Bí ọmọ mi kò bá ní nǹkan kan, n kò ní láti sọ nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Mùtíù. Mo sùn dáadáa.

*

Ibi iṣẹ́ máa ń rán wa lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ara wa wò lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé pélébé kan nínú àgbékà lára ògiri. Wọ́n ya àwòrán obìnrin olóyún sí iwájú rẹ̀. Mo mú un, mo kì í bọ àpò bí ẹni tó jalè.

Mo ti pé ọmọ ogún ọdún kí n tó mọ ìwé kà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo lọ ní Fìdítì, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oko. Àga àwọn ọmọ kékeré ni a ń jókòó lé, orúnkún wa a máa kan àgbọ̀n. Tíṣà wa a máa ní, “Ẹ má sáré. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sáré kà kò tíì di tiyín.” N kò sáré. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ka ìwé pélébé náà nínú bọ́ọ̀sì, ojú ìwé kan nígbà tí mo bá ń lọ, ojú ìwé kan nígbà tí mo bá ń bọ̀.

Ohun tó kọ ni pé ara kì í béèrè lọ́wọ́ ahọ́n. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì, búrẹ́dì, bí wọ́n bá dé inú, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà. Ó kọ òùngbẹ. Ó kọ ìtọ̀ lemọ́lemọ́. Ó kọ ọ́ pé ọmọ lè tóbi débi tí èjìká rẹ̀ á fi há. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún èjìká wà lára èyí tí mo kọ́kọ́ kọ́ lórí àga kékeré yẹn. Mo kọjá ibi tí ó yẹ kí n sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi padà.

Mo pe Ràfíátù.

“Kí lò ń jẹ?”

“Mo ti fi ṣúgà sílẹ̀ pátápátá, Bàbá mi. N kò mu mọ́ọ̀tì mọ́. Kódà n kò fẹnu kan ọsàn.”

“Kí lò ń jẹ?”

“Gààrí ni mò ń mu lọ́sàn-án, n kì í fi ṣúgà sí i, ó kan gan-an. Màámi, ìyá ọkọ mi, ń gún iyán fún mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n ní ara mi ń fẹ́ agbára.”

“Òùngbẹ ń gbẹ ọ́?”

“Òùngbẹ ń gbẹ mí gan-an, Bàbá mi.”

Mo ní kó padà sí ọsibítù. Ó ní Màámi kò ní gbà. Ó ní Màámi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé èèrà kò wá. Ó ní tí òun bá lọ báyìí, yóò dà bí ẹni pé òun ń pe ìyá ọkọ òun ní òpùrọ́. Mo bá Mùtíù sọ̀rọ̀. Mùtíù ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà mọ Màámi.” Ohun tó wí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Ẹni tí kò bá tíì gbé ìlú mìíràn kò mọ bí ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe ń kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ibẹ̀, wọn kò kà mí kún ẹni tó dé. Ní ilé, wọ́n ti kà mí kún ẹni tó lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí mo bí, wọ́n á ní òyìnbó ló ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n á ní kí n tún un sọ, n ó tún un sọ, wọ́n á mi orí, wọ́n á lọ. Inú bí mi sí gbogbo wọn. Inú bí mi sí ọ̀gá mi, sí Ìyá Mùtíù, sí Mùtíù tí kò ní ẹnu, sí ìyá àgbà tó wẹ òkú ọmọ mi tó sì yìn ín. Mo to kéèkì sínú páálí bí ẹni tó ń sọ òkúta.

Ọjọ́ tí mo ń bínú bẹ́ẹ̀ ni páálí kan já lọ́wọ́ mi. Kéèkì fọ́ káàkiri, ṣúgà dà sílẹ̀. Ọ̀gá mi pe ìdajì orúkọ mi láti òkèèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbá a. Bí mo ṣe tẹ̀ ba síbẹ̀, mo wo ilẹ̀.

Kò sí èèrà.

Ọdún mẹ́ta, n kò rí èèrà kan rí nínú ilé yẹn. Ilé tó kún fún ṣúgà láti òrùlé dé ilẹ̀! Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan máa ń wá pẹ̀lú agolo, a da omi kan tó ń ta ni nímú sí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé. Ṣúgà wà níbẹ̀. Èèrà ni kò lè dé ibẹ̀.

Mo dìde. Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Mùtíù wá sí mi lójú. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ bí ó ṣe rí.

*

Ọjọ́ Sátidé ni mo pè, tí Mùtíù wà nílé. Mo ní kí Ràfíátù gbé fóònù kí n lè máa rí wọn. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àpò ẹ̀gẹ́ rírin mẹ́fà wà nílẹ̀, wọ́n to òkúta lé wọn lórí, omi funfun ń ṣàn lábẹ́ wọn lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, koríko kankan kò sí níbẹ̀. Ìyá Mùtíù jókòó lórí àpótí.

“Òyìnbó ti dé,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n tún gèlè mi wé.”

“Àna mi, níbo ni Ràfíátù tọ̀ sí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ìbéèrè tí bàbá ń béèrè! Ibẹ̀ yẹn ni, lẹ́bàá ògiri.”

“Ewúrẹ́ yín dà?”

“Iwájú ilé ni mo so ó mọ́. Ẹ fẹ́ kó wá mu omi ẹ̀gẹ́ kó kú ni?”

“Omi tó ń pa ewúrẹ́,” mo wí, “kí ni yóò ṣe fún èèrà?”

Mo gbọ́ tí omi ń kán lábẹ́ àpò.

“Mùtíù,” mo ní, “bu ṣúgà. Da díẹ̀ sí ibi tí ìyàwó rẹ tọ̀ sí. Da díẹ̀ síwájú ilé.”

“Ṣúgà wọ́n ní Ilora o,” Ìyá Mùtíù wí. “Àwa kọ́ là ń fi wẹ̀.” Ṣùgbọ́n kò ní kí ó má bù ú.

Mùtíù da ṣúgà sí ibi méjèèjì. A dúró. Mo ń wo Ilora láti inú yàrá mi, wọ́n ń wo ilẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ràfíátù gbé fóònù lọ síwájú ilé. Èèrà ti tò láti ìdí ògiri, wọ́n gùn bí okùn, wọ́n ti bo ṣúgà. Ewúrẹ́ náà ti na ọrùn, ó ń gbìyànjú láti lá a. Ràfíátù gbé fóònù padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣúgà wà níbẹ̀ funfun báláú, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá Mùtíù dìde. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó fi ìka tọ́ ọ lá bí ẹni pé kì í ṣe ṣúgà.

“Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe gààrí níhìn-ín,” ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e sókè. “Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe wàhálà tó báyìí? Ta ló sọ fún yín pé yóò pa á?”

Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n sọ ọ́, kò sí ìgbà mìíràn mọ́.

“Ìyá Ràfíátù,” mo wí. “Òun ló sọ fún mi. Òùngbẹ gbẹ ẹ́ bí ó ṣe ń gbẹ ọmọ yìí. Mo fún un ní ọsàn. Ọmọ tóbi, èjìká há. Àwọn méjèèjì ló lọ. Ibà kọ́.”

Fóònù yí lọ́wọ́ Ràfíátù. Mo rí ojú ọ̀run, mo rí ògiri, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú bàtà rọ́bà. Ẹsẹ̀ náà ti wú.

“Ẹ ní ibà ni,” ó wí.

“Mo purọ́.”

“Nọ́ọ̀sì bi mí. Mo bi yín. Mo padà lọ dá nọ́ọ̀sì lóhùn.” Ohùn rẹ̀ kò ga. “Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi parọ́ lórí ẹ̀mí ara mi.”

Mo ní, “Ràfíátù.” Ojú fóònù ti ṣókùnkùn.

*

Wọ́n lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ Ajé. Ìyá Mùtíù fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e lọ. Mùtíù ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò máa gún fúnra rẹ̀, wọ́n sì ya bí oúnjẹ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó fún un, pé kó máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, kó máa rìn lẹ́yìn oúnjẹ. Mùtíù kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Màámi ní kí n sọ fún yín pé iyán ti di ohun tí à ń wò lókèèrè nílé wa, kí ẹ máa yọ̀.”

Ràfíátù kò pè ní ọjọ́ Àìkú yẹn. Kò pè ní èyí tó tẹ̀lé e. Mo pè é, kò gbé e. Fún oṣù méjì ó lé, ẹnu ọkọ rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ bí ó ṣe ń ṣe. N kò bẹ̀bẹ̀. N kò mọ bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nínú fóònù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe ní àkókò náà. Ọ̀gá mi pe ìdajì orúkọ mi ní àárọ̀ kan, n kò yíjú. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, “Kò tíì parí.” Ó wò mí. Ó tẹ̀ ba wo káàdì àyà mi, ó ka ìyókù, ó bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ó kà á dé òpin. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè é tán, pẹ̀lú ìbínú. Ìbínú rẹ̀ kò dùn mí.

Iṣẹ́ tí Mùtíù rán sí mi lọ́jọ́ tí Ràfíátù bímọ kò ju ìlà kan lọ. “Obìnrin ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Àwọn méjèèjì wà láàyè.” Mo kà á bí tíṣà wa ṣe kọ́ mi, n kò sáré. Nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, mo jókòó sórí páálí. Páálí náà wó.

Ìyá Mùtíù pè ní ọjọ́ kejì.

“Àna mi, ẹ kú oríire. Ọmọ kò tóbi, kò kéré. Mo pe nọ́ọ̀sì kó wọ̀n ọ́n lójú mi, kí ẹ má baà ní mo fi iyán bọ́ ọ.”

“Ẹ ṣeun, Ìyá Mùtíù.”

“Ó ń bínú sí yín o.”

“Mo mọ̀.”

“Ó yẹ kó bínú. Èmi náà ń bínú. Ká ní ẹ la ẹnu yín lọ́jọ́ kìíní ni, n kì bá tí jókòó ti ìtọ̀ nínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. “Wọ́n ń béèrè orúkọ tí ẹ fún ọmọ. Ẹ sọ ọ́ fún Mùtíù. Ẹ má sọ ọ́ fún mi, n kò ní rántí.”

Mo fún Mùtíù ní orúkọ ìyá Ràfíátù. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. N kò gbọ́ ohùn ọmọ mi.

*

Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà lẹ́yìn náà, fóònù mi gbọ̀n nínú àpò lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ni pé a kì í gbé e. Mo wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Mo gbé e.

“Ẹ káàsán,” Ràfíátù wí. Kò fi “Bàbá mi” kún un. “Ọsibítù ni mo wà. Wọ́n tún fún mi ní omi ṣúgà yẹn mu. Ẹ̀jẹ̀ mi ti padà sípò.”

“Mo dúpẹ́.”

“Wọ́n ní ó lè padà wá lọ́jọ́ iwájú, pé kí n máa yẹ ara mi wò. Ibì kan wà nínú káàdì mi tí irọ́ ṣì wà. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ fúnra yín.”

Ó ti fi fóònù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

“Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ní ẹ ní ọ̀rọ̀ nípa ìyá aláìsàn wa.”

Ẹ̀rọ ń ti kéèkì bọ̀. N kò tò wọ́n. Wọ́n ń kọjá níwájú mi, wọ́n ń já sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi pariwo orúkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo na ọwọ́ sí i pé kó dúró.

Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Òùngbẹ. Ìtọ̀. Ọsàn. Èjìká. Mo sọ ti èèrà bàbá mi pẹ̀lú. Kò gùn. Ogún ọdún ni mo fi gbé e, kò sì gba àkókò tí ènìyàn fi ń bó ọsàn kan.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé wọ́n wọn ọmọ náà?”

“Wọn kò wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí a sin ín sí. Ó tó ọmọ oṣù mẹ́ta.”

Mo gbọ́ bí bírò ṣe ń ha lójú ìwé. Lẹ́yìn náà fóònù padà sọ́wọ́ ẹni tó ni í. Mo gbọ́ mímí rẹ̀. Mo gbọ́ ọmọ kan tó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ọyàn.

“Ó ti kọ ọ́,” Ràfíátù wí.

Kéèkì kan tún já sílẹ̀ níwájú mi. Ó gbọ́ ọ nínú fóònù.

“Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín, Bàbá mi.”